Mo Sá fún Ọmọ Mi Lọ sí Surulérè, Mo sì Kọ́ Báà Ṣíṣe Bọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé báwo ni Èkó. Ẹnì kan ní mo sanra, ẹnì kan ní mo rù, aránṣọ iwájú ilé wa ní ojú mi ti là, bí ẹni pé ó fọ́ tẹ́lẹ̀. Kí n má baà máa rò ó lójúlé-lójúlé, mo ra ìwé, mo jókòó, mo kọ ọ́. Ẹ kà á fún ara yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé fàájì kọ́ ni mo bá lọ. Ìní ọmọ mi kù díẹ̀ kó pé ọdún méjì, ọmú nìkan ló sì gbà pé ó jẹ́ oúnjẹ. Mo fún un lẹ́kọ, ó tu ú sí mi lára. Mo fún un ní ẹ̀wà, ó fi para. Bó bá ti rí ṣíbí lókèèrè báyìí, á pa ẹnu dé, á tún fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Síbẹ̀, ọmọ yìí kan náà ń jẹ etí àga. Ó jẹ sálúbàtà bàbá rẹ̀. Ó jẹ igun Bíbélì mi débi pé ojú ìwé tí Ọlọ́run ti dá ayé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn àwọn ọmọ wò ní Ìní kò tẹ̀wọ̀n tó, ó gbọ́dọ̀ máa jẹun gidi. Màámi gbọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ò pọ̀. "Kúrò nílé fún un. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń rí ọ, kí ni yóò fi ẹ̀kọ ṣe?" Gbogbo yín lẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: ìyá á rìnrìn àjò, ìyá àgbà á gba ọmọ, nígbà tí ìyá bá máa fi dé, ọmọ á ti gbàgbé ọmú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Màámi dá fún mi. Bàbá Ìní, tí iṣẹ́ bíríkìlà gbé lọ sí Àkúrẹ́, sọ lórí fóònù pé òun fọwọ́ sí i. Ó rọrùn fún un. Kò ní ọmú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, Ìní ń fi ìdérí ìkòkò ṣeré. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí olè tó jí nǹkan nínú ilé ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń já mi láyà: tí mo bá lọ tán, tó sì kọ̀ tí kò jẹun ńkọ́?

Jíbówú

Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Jíbówú, gáréèjì ọkọ̀ ní Èkó. N kò tíì fi ẹsẹ̀ kejì tẹlẹ̀ tí ọkùnrin kan fi gba báàgì lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí, ibo? Àbújá? Oníṣà? Ẹnì kan péré ló kù!"

Mo ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni."

"Kò burú náà. Ẹ lè padà."

Mo já báàgì mi gbà. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀nà ni ọmọ ọwọ́ kan ti figbe ta lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọmọ ti mọ ohun tó kàn. Ọmú mi kò mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíràn ni. Kí n tó ṣẹ́jú, iwájú búláòsì mi ti rin gbingbin, lójú gbangba, láàárín àwọn ọkùnrin tó ń pe Àbújá.

Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá rí mi. Kò kí mi, kò bi mí ní orúkọ. Ó tú ìborùn orí ara rẹ̀, ó fi bò mí láyà, ó so ó sí mi lẹ́yìn ọrùn bí ẹni fẹ́ fún ọmọdé lóúnjẹ.

"Ọmọ dà?"

"Ó wà nílé, mà. Mo fẹ́ já a lẹ́nu ọmú ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ìyàwó! Ìwọ gan-an ni wọ́n ń já. Kúrò nínú oòrùn jàre."

Mo ní kí n tú ìborùn náà fún un, ó ti sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ kan lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé àwọn ará Èkó kò láàánú, ẹ ní kó wá rí mi.

Ilé tí kò fẹ́ ìkíni

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bọ́lá, àti ọkọ rẹ̀, Bọ̀dá Ṣèyí, ń gbé òkè kejì nínú ilé kan ní Surulérè. Wọ́n gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tó di àkókò oúnjẹ, wọ́n gbé ewé tútù wá, wọ́n gbé kùkúḿbà wá, wọ́n gbé ẹyin kan tí wọ́n là sí mẹ́rin wá. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo pa ọwọ́ pọ̀, mo ń retí oúnjẹ.

Àǹtí Bọ́lá ní, "Kí lò ń wò?"

Mo ní kò sí nǹkan.

Bọ̀dá Ṣèyí fi ojú bá mi sọ̀rọ̀. Ojú náà sọ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí òun náà ti ń retí rẹ̀. Ikùn Bọ̀dá ló fà á. Àǹtí Bọ́lá ní ikùn náà gbọ́dọ̀ lọ, gbogbo ilé ló sì ń bá a lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárọ̀, mo ń kí àwọn tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Àwọn kan dáhùn. Àwọn kan bojú wẹ̀yìn, kí wọ́n lè mọ ẹni tí mò ń kí. Ọmọge kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, Dámi lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, ti ki nǹkan bọ etí méjèèjì. Mo kí i, kò gbọ́. Mo tún kí i sókè. Ó dúró gbagidi, ó yọ nǹkan kan kúrò ní etí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣe nǹkan ni?"

"Rárá o. Mo ní ẹ káàárọ̀ ni."

"Ó tán?"

"Ó tán."

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Àǹtí Bọ́lá fi orí yọ láti ẹnu ọ̀nà. "Wọlé, jọ̀ọ́. Ta ló ní kó o máa dẹ́rù ba àwọn èèyàn?"

Kábéèjì

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọyàn mi ti wú, ó le bí òkúta, n kò lè gbé apá sókè. Àǹtí Bọ́lá ní kí n fún díẹ̀ dànù, kí n má fún un tán. Ó mú kábéèjì láti inú fíríìjì, ó ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n fi wọ́n sínú kọ́mú. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tù mí lára gan-an ni.

Kò pẹ́ ni a gbọ́ ohùn Bọ̀dá Ṣèyí ní kíṣìnì. "Bọ́lá! Ta ló jẹ kábéèjì mi?"

Mo wo ilẹ̀. Àǹtí Bọ́lá wo òkè.

"Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́," Àǹtí Bọ́lá ló wí bẹ́ẹ̀, "ẹnì kan ń lò ó ni."

Lójoojúmọ́ ni mò ń pe Màámi. Kò gbà kí Ìní gbọ́ ohùn mi, ó ní á ba iṣẹ́ jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta yẹn, mo bi í pé ṣé ọmọ jẹun.

"Ó jẹun dáadáa."

Igbe kan ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, igbe tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

"Màámi, ọmọ ta ló ń ké yẹn?"

"Ọmọ aládùúgbò ni."

Ẹ̀yin náà mọ àwọn aládùúgbò wa. Bàbá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lápá ọ̀tún, ṣọ́ọ̀ṣì lápá òsì. Ta ló bímọ níbẹ̀? Mo pa fóònù, mo ń wá báàgì mi kiri. Àǹtí Bọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì dí i.

"Tó o bá padà lónìí, ìyà ọjọ́ mẹ́ta yẹn ti já sófo fún ìwọ àti ọmọ. Jókòó. Jẹ nǹkan."

Ó fún mi ní báà kan.

Ohun tó ṣeé dì mú

Báà yìí ni Bọ̀dá Ṣèyí máa ń jẹ tó bá sáré ìdájí tán. Ẹ́nájì báà ni wọ́n ń pè é, ìpápánu tó ń fúnni lágbára. Ó gùn tó ìka àárín, ó nípọn díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ ro gúgúrú àti ẹ̀pà tí ẹni tó sanra jókòó lé lórí. Wọ́n ń tà á nínú ọ̀rá tó ń dán, ṣùgbọ́n Àǹtí Bọ́lá ní ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, òun fẹ́ máa ṣe é nílé. Títí di ìgbà yẹn, kò tíì rí i ṣe.

Mo bu ún jẹ. Ó le níta, ó rọ̀ nínú. Mo wò ó lọ́wọ́ mi, ọkàn mi sì lọ tààrà sílé. Ohun tó le nìyí. Ohun tí ọmọdé lè dì mú fúnra rẹ̀ nìyí, kò sí ṣíbí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó jẹ etí àga, kí ló dé tí kò ní jẹ èyí?

Mo ní, "Àǹtí Bọ́lá, a máa ṣe é, mo sì máa gbé e lọ fún Ìní."

Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé òṣùwọ̀n kékeré kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé ọba jókòó. Óòtì, ọkà òyìnbó pẹlẹbẹ, a wọ̀n ọ́n. Ẹ̀pà, a wọ̀n ọ́n. Dàbínò, èso aládùn tí àwọn Hausa máa ń tà nínú báárò, a yọ kóró rẹ̀, a wọ̀n ọ́n. Ẹ̀pà mẹ́rin pọ̀ jù, ó ṣà wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi oyin pò ó, a tẹ̀ ẹ́ sínú páànù, a gbé e sínú fíríìjì kó lè dì. Iná lọ. Kò dé títí di ọjọ́ kejì. Ohun tó jáde rọ̀ tó ẹ̀kọ gbígbóná, ṣíbí la fi jẹ ẹ́.

Ṣíbí! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní iná gáàsì la máa lò, kò sí ohun tí ìjọba máa mú lọ níbẹ̀. A yan án nínú ófùnù gáàsì. Èyí dì. Ó dì kọjá ààlà. Bọ̀dá Ṣèyí gé e jẹ, a gbọ́ "kọ́!", ó sì fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Bọ́lá, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ká ní Bàbá Ìní wà níbẹ̀, ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọlé.

Àgbàdo

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Mo jókòó ti páànù, mo ń ronú. Kí ló máa ń mú nǹkan dì láìsí fíríìjì? Mo rántí àádùn. Ọmọ Iléṣà wo ni kò mọ àádùn? Ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan ló ń fa epo mu, tó sì ń jẹ́ kó dúró nínú ewé lórí igbá láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ta ló gbé àádùn sínú fíríìjì rí?

Mo sọ fún Àǹtí Bọ́lá. Ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"O fẹ́ sọ báà mi di àádùn."

"Báà ni yóò máa jẹ́, mà."

"Ṣé èmi lẹ̀gbọ́n àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ lọ́mọ tó ń jẹ àga."

Ó rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Ó fi mí sílẹ̀.

Mo yan àgbàdo gbígbẹ nínú ìkòkò títí òórùn rẹ̀ fi gba ilé. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ nǹkan. Bàbá arúgbó ni. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Àádùn?" Mo ní báà ni, sà. Ó wò mí. Ó ní, "Àádùn ni," ó sì fọ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ata má baà kàn án, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Mo yan ẹ̀pà náà, mo gbé e síta lókè kí n lè fẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò. Mo fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ bá mi fẹ́ ẹ. N kò wo ìsàlẹ̀ bóyá ẹnì kan sá aṣọ síbẹ̀. Ká tó wí, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Dámi ni. Ó gbé aṣọ funfun mẹ́ta lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ kún fún èèpo ẹ̀pà, èèpo kan wà lórí irun rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìkíni, ẹ̀bẹ̀ ni. "Ẹ má bínú, mà. Màá fọ̀ ọ́."

Ó ń fi imú fa afẹ́fẹ́. "Kí lẹ̀ ń sè? Ó dà bí ilé ìyá ìyá mi."

Ó wọlé. Ó jókòó. Èmi fọ aṣọ, òun bá mi yọ kóró dàbínò. Mo rẹ dàbínò sínú omi gbígbóná, mo fi ìdí ìgò gún un títí ó fi rọ̀ bí àmàlà. Mo lọ ẹ̀pà kúnná, nítorí ẹ̀pà odindi lè há ọmọdé lọ́fun. Óòtì díẹ̀, oyin ṣíbí méjì, iyọ̀ ṣín-ún. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń bu ìyẹ̀fun àgbàdo sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan, mo pò ó, ẹ̀kúnwọ́ kan, mo pò ó, títí kò fi lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ mọ́. Mo fi ìdí ife tẹ̀ ẹ́ sínú páànù, mo fi aṣọ bò ó, mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì.

Láàárọ̀, mo gé e. Mo gbé ẹyọ kan sókè, mo mì í. Kò já. Bọ̀dá Ṣèyí jẹ mẹ́rin, eyín rẹ̀ pé. Àǹtí Bọ́lá jẹ ẹyọ kan. Ó gbé òṣùwọ̀n jáde, ó ní kí n bu ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan sí i. Ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ó ní kí n tún bù. Nọ́ńbà kan náà. Ó ní kí n tún bù. Nọ́ńbà kan náà. Ó yí òṣùwọ̀n náà padà, ó wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ti bàjẹ́.

Ẹ wá jẹun

Ọjọ́ tí mo ń bọ̀, mo gbé báà mẹ́rìnlélógún sínú ike bọ́tà, gbogbo rẹ̀ fún Ìní. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Jíbówú, à ń retí kí ọkọ̀ kún. Ebi ń pa mí. Mo ṣí ike, mo mú ẹyọ kan, mo sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín ì bá ṣe. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ní, "Ẹ wá jẹun o."

Nílé wa, kí lẹ máa ń sọ? "Á gba ibi ire." Ẹni tí ebi ń pa kú gan-an á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán ni. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ẹni tí kò bá fẹ́ kí o jẹ kì í pè ọ́. Bí ẹnì kan bá wá pè ọ́, ọpẹ́ ni.

Bàbá kan tó dé fìlà ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ, ìyàwó mi." Ó ṣan ọwọ́. Ó mú méjì.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí nìyẹn?" Ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó ní, "Tẹ́ ẹ bá tún ṣe é, ẹ dín oyin kù." Ó tún mú ọ̀kan, kó lè dá a lójú.

Ọwọ́ ń ti ẹ̀yìn mi wá. Ọwọ́ ń ti ojú fèrèsé ọkọ̀ wá. Ẹni tó ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ní, "Àǹtí, ẹ ò pè mí?" Kí ni mo fẹ́ wí? Pé mi ò fi gbogbo ara sọ ọ́? Mo ń rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lẹ́yìn ẹ̀rín náà. Ọ̀kan tí mo mú lọ́wọ́, èmi gan-an kò tíì jẹ ẹ́, ọmọ kan lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ń wò ó. Mo fún ọmọ náà.

Nígbà tí mo rí ìdérí ike náà dé padà, méjì ló ṣẹ́kù. Mo fi ìró bò ó, mo jókòó tì í bí adìyẹ tó sàba.

Ilé

Màámi wà níwájú ilé nígbà tí mo dé. Ìní jókòó sórí ẹní. Ó ti rù sí i, ojú rẹ̀ sì tóbi sí i. Mo dúró. Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra mí.

Màámi ní, "Ìní, ta nìyí?"

Ọmọ mi dáhùn pé, "Àǹtí."

N kò lè purọ́ fún yín, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń pè. Mo bi Màámi pé ṣé ó ń jẹun, kó sọ òótọ́ fún mi. Ó mí kanlẹ̀. "Omi ẹ̀kọ. Omi ẹ̀kọ nìkan, pẹ̀lú ìjà."

Mo jókòó sílẹ̀, mo jìnnà díẹ̀ sí ẹní náà. N kò pè é. Mo gbé báà kan síbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Ó wò ó. Ó fi ìka tì í. Ó gbé e, ó lù ú mọ́lẹ̀, ó gbọ́ dídún rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe sí ohun gbogbo tí kì í ṣe oúnjẹ. Ó gé e. Mo ń retí títu. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wo ògiri, ó ń rò ó. Ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó wálẹ̀. Ó tún gé e.

Màámi di apá mi mú. Kò sẹ́ni tó mí nínú àwa méjèèjì títí báà náà fi tán.

Ìgbà náà ló dìde, ó wá bá mi, ó sì ti ọwọ́ bọ inú búláòsì mi.

"Má fún un o!" Màámi pariwo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ká ní ó béèrè ni, màá fún un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ìyà, kábéèjì, gbogbo rẹ̀, màá dà á nù. Ṣùgbọ́n kò béèrè. Ó fi ọwọ́ lù ú pẹ́pẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀ àtijọ́. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó kọjá lára mi, ó lọ síbi ike.

"Sí i," ló wí.

Mo fún un ní ìkejì. Mo dìde, mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún.

Màámi tẹ̀ lé mi. "Kí ló dé? Ṣé kì í ṣe ohun tó o tìtorí rẹ̀ lọ nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

"Kí lo wá ń sunkún sí?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó jókòó tì mí. Ó ní, "Nígbà tí mo fẹ́ já ìwọ lẹ́nu ọmú, Òṣogbo ni mo lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá mi dá fún mi. Mo sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, mo wọkọ̀ padà."

"Ṣé mo ń ké ni?"

"Ìwọ kọ́," Màámi wí. "Èmi ni."

Ìní ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo èmi, ó wo ìyá mi. Báà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ku ààbọ̀, ó ti tutù fún itọ́, ìyẹ̀fun wà ní gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di orúnkún mi mú, ó nàgà, ó sì gbé báà náà kàn mí lẹ́nu.

"Jẹ," ó wí.

Mo jẹ ẹ́.